Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, èwo la ó kọ́kọ́ ṣe? Ìbéèrè mẹ́ta lórí iná, egbò ìdùbúlẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó kán

OmoNosi_Ibadan:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ìdánwò káńsù àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kanlẹ̀kùn. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ ń kàwé lálẹ́ àná, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìbéèrè mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Mo kó wọn wá síbí.

Ìkíní: ọkùnrin kan tó wọn 70 kg ń da bẹntiróò sí jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, iná bá gbá a mú ní aago mẹ́jọ alẹ́. Aago mẹ́wàá ni wọ́n gbé e dé ọsibítù. Iná jó ojú àti iwájú orí rẹ̀, gbogbo àyà dé ikùn, apá ọ̀tún tinú tẹ̀yìn, àti iwájú apá òsì. Ohùn rẹ̀ ti ha. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ní ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 98%. Kí ni nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ ṣe? Dírípù rẹ̀ ńkọ́, mélòó ni?

Ìkejì: màmá ẹni ọdún 68 tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, awọ rẹ̀ dúdú dáadáa. Lórí egungun ìdí rẹ̀, kò sí egbò, kò sí pupa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gbóná, ó sì le ju àyíká rẹ̀ lọ. Ṣé egbò ìdùbúlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀?

Ìkẹta: ọ̀dọ́mọkùnrin kan já bọ́ lórí ọ̀kadà, ojúgun rẹ̀ kán, wọ́n dè é ní POP, símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun, láàárọ̀. Nígbà tó dalẹ́, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun burúkú burúkú, abẹ́rẹ́ ìrora ò ràn án. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ wá ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó bá a, ó ń lù. Ṣé kó fún un ní oògùn ìrora sí i, kó gbé ẹsẹ̀ náà ga lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, àbí kó pe dókítà?

Ní ìkíní, àwọn kan mú dírípù, àwọn kan mú oògùn ìrora. Ní ìkejì, ọ̀pọ̀ ní kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ìkẹta, ìrọ̀rí ló borí. Ẹ dá wa lẹ́jọ́.

Mama_Wodu:
Ọmọ mi, ẹ ti pàdánù ọkùnrin yẹn kí ẹ tó so dírípù rẹ̀ rọ̀. Ọ̀nà èémí ló ṣáájú. Ẹ wo ohun tí ìbéèrè tò síwájú yín: yàrá títì, ojú tó jó, ohùn tó ha. Ẹni tó jó báyìí ti fa ooru àti èéfín sínú. Ọ̀fun rẹ̀ yóò wú, kì í sì í wú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yín ní aago mẹ́wàá lè má rí èémí mí ní aago méjìlá. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ fi ọ́síjìn 100% sí i nímú, ẹ ké sí dókítà àti àwọn tó ń kunni lóorun, kí wọ́n ki rọ́bà èémí bọ̀ ọ́ kí ọ̀nà tó dí. Bí ẹ ti ń dúró dè wọ́n, ẹ wo irun imú rẹ̀ bóyá ó ti jó, ẹ wo itọ́ rẹ̀ bóyá ó dúdú. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí èémí ń súfèé bó ṣe ń wọlé, ẹ ti pẹ́ nìyẹn.

98% yẹn gan-an ni wọ́n fi dẹ yín. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, òun náà ló ń pa tọkọtaya àtọmọ mọ́jú nílé wa. Ibi tí ọ́síjìn ń jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa ní wọ́ọ̀dù kò sì mọ èwo lèwo nínú àwọn méjèèjì. Yóò kọ 98 fún yín, ọpọlọ aláìsàn yóò sì máa kú lọ.

Adulawo_Leeds:
Ẹ ṣé, Mama. Mo fẹ́ fi kan kún un lórí ẹ̀rọ ìka yẹn: ní 2020, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ó máa ń ka ọ́síjìn àwa adúláwọ̀ sókè ju bó ṣe wà lọ, ju ti àwọn aláwọ̀ funfun. Torí náà, kódà níbi tí iná ò ti jó ẹnikẹ́ni, bí ojú aláìsàn àti nọ́ńbà ẹ̀rọ kò bá bára mu, ojú aláìsàn ni kí ẹ gbà gbọ́. Màá dáhùn ìkejì bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́.

Jagunlabi_Houston:
Ẹ jẹ́ kí èmi ṣe ìṣirò bí ara tó jó ṣe pọ̀ tó. Nínú 100% ara àgbàlagbà: orí 9%, apá kọ̀ọ̀kan 9%, iwájú ara 18%, ẹ̀yìn 18%, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan 18%, ojú ara 1%. Ti ọkùnrin yìí: iwájú orí 4.5, iwájú ara 18, apá ọ̀tún 9, iwájú apá òsì 4.5. Ó di 36%. Ẹ má fi èyí ka ọmọ ọwọ́ o. Orí tiwọn nìkan tó 18%, ẹsẹ̀ wọn sì jẹ́ 14% lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó kàn gbóná tàbí pọ́n láìbó, láìlé ròrò, a kì í kà á mọ́ ọn.

Ìlànà Parkland tí a fi ń ṣírò dírípù ẹni tí iná jó, èyí tí dókítà Baxter gbé jáde ní Dallas níhìn-ín ní Texas ní 1968: 4 ml × 70 (kílò rẹ̀) × 36 (ìpín tó jó) = 10,080 ml omi dírípù Ringer's lactate fún wákàtí 24. Ìdajì rẹ̀, 5,040 ml, ní wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ibí ni wọ́n ti máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́: ìgbà tí iná jó o ni wákàtí mẹ́jọ náà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó jó ní mẹ́jọ alẹ́, mẹ́rin òru ni yóò parí. Ẹ ti jẹ wákàtí méjì nínú rẹ̀ sójú ọ̀nà. 5,040 pín sí mẹ́fà, 840 ml ní wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, 315 ml ní wákàtí kan fún wákàtí 16 tó kù.

Àmọ́ ATLS ti 2018, ìwé ìlànà ìtọ́jú ẹni tó fara pa, sọ pé dípò 4 ml yẹn kí a fi 2 ml bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà, 3 ml fún ọmọdé, 4 ml fún ẹni tí iná mànàmáná gbé, nítorí wọ́n rí i pé omi tí à ń dà sí wọn lára ti ń pọ̀ jù.

OmoNosi_Ibadan:
Ẹ̀gbọ́n, èwo wá ni ká mú, 2 àbí 4?

Jagunlabi_Houston:
Bí ìbéèrè bá dárúkọ Parkland, 4 ni. Àbúrò, ẹ yege ná, ẹ ó máa bá ìwé jà lẹ́yìn ìyẹn.

Mama_Wodu:
Lórí ibùsùn, ìtọ̀ ló ń dájọ́. 2 o, 4 o, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ki kátítà bọ̀ ọ́, ẹ máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Àgbàlagbà, 0.5 ml fún kílò kan, ìyẹn 35 ml fún ọkùnrin yìí. Ọmọdé, 1 ml fún kílò kan. Bí kò bá pé, ẹ fi kún dírípù. Bó bá pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Ẹni tí iná mànàmáná gbé ló yàtọ̀: ẹran ara rẹ̀ ti jó nínú, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì fẹ́ dí kíndìnrín. Tiẹ̀, 75 sí 100 ml ní wákàtí kan là ń wá, títí ìtọ̀ náà á fi mọ́.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bó ṣe ń rí ní wọ́ọ̀dù tí kò sí ẹ̀rọ tó ń ka dírípù. 840 ml ní wákàtí kan, pẹ̀lú okùn dírípù tí ẹ̀kán 20 jẹ́ 1 ml, ẹ̀kán 280 ni ní ìṣẹ́jú kan. Ta ni ojú rẹ̀ gbé e? Kánúlà ńlá méjì la ń fi sí i, 14G tàbí 16G, ní ibi tí iná ò bá jó. Àpò 500 ml kọ̀ọ̀kan yóò wá tán ní bíi 70 ìṣẹ́jú. Mo máa ń lẹ pílásítà gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò, màá fi bírò kọ aago sí i: lókè 10:15, láàárín 10:50, nísàlẹ̀ 11:25. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, kódà akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, á mọ̀ bóyá omi ń falẹ̀ tàbí ó ń sáré. Kó tó di mẹ́rin òru, bí àpò mẹ́wàá ti lọ. Ẹ tètè kọ ọ́ lé àwọn ẹbí lọ́wọ́ kí wọ́n rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ilé oògùn tó bá ṣí ní aago mọ́kànlá lè ti tilẹ̀kùn ní aago kan.

Àwọn tó mú oògùn ìrora, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ìrora ń bẹ, ẹ sì gbọ́dọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni o, kì í ṣe ìdí. Ara tó wú kì í gbé abẹ́rẹ́ ìdí lọ. Yóò jókòó síbẹ̀, aláìsàn á máa ké, ẹ ó máa gún un sí i. Nígbà tí omi ara bá padà sínú iṣan lẹ́yìn ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á ya wọlé papọ̀, èémí á sì dá.

Iya_Ibeji_Agege:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ọjà ni mò ń tà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, fa kọ́ọ̀pù tíì gbígbóná lórí tábìlì, ó dà sí i láyà, ó dà sí apá dé ọwọ́. Ìyá ọkọ mi ti fọ́ ẹyin sí i, wọ́n ti rán ènìyàn lọ wá ìgbín. Ibì kan ti lé ròrò lẹ́yìn ọwọ́. Ó sunkún títí, ó ti ń ṣeré báyìí. Ṣé ó tó ohun tí à ń gbé lọ ọsibítù?

Mama_Wodu:
Ó tó, Ìyá Ìbejì. Ó ti tó ìgbà wo tó dà sí i?

Iya_Ibeji_Agege:
Kò tíì pé wákàtí kan àbọ̀, ma.

Mama_Wodu:
Ó ṣì bọ́ sí i, láàárín wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ omi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ bó bá wà níbẹ̀, kí ọwọ́ tó wú mọ́ ọn. Bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á, ẹ gé àyíká rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ àti àyà náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, kí ẹyin fọ̀ kúrò fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wo aago o, ogún ìṣẹ́jú máa ń gùn lójú ẹni tí ọmọ ń ké mọ́ létí. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ fi ike máa bù ú dà sí i látinú báàkẹ́tì. Omi lásán ni, kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé ibi tí tíì ò dé, torí òtútù ń tètè mú ọmọ kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù mímọ́ tàbí aṣọ funfun mímọ́ lé e, ẹ má wé e yípo, ẹ má bẹ́ ìléròrò yẹn. Kẹ́ ẹ wá wọkọ̀. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́, wọn á bi yín nípa TT, abẹ́rẹ́ tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Pé ó ń ṣeré kò ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ 1% ara rẹ̀. Ẹ fojú wọn ọ́n: mélòó nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò bo ibi tó jó? Bó bá tó mẹ́wàá, ọmọdé nílò dírípù. Bí kò bá tilẹ̀ tó, ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ọwọ́, ojú, ẹsẹ̀, oríkèé àti ojú ara, a kì í fi wọ́n wòran nílé.

Ẹ bá mi kí Ìyá Ọkọ. Ẹyin yẹn, kí wọ́n sè é fún ọmọ jẹ. Ẹni tí iná jó ń fẹ́ ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹja ju ẹni tára rẹ̀ dá lọ fíìfíì, nítorí òun ni ara fi ń hun awọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹyin tútù lórí egbò, kòkòrò ló ń kó wọ ibẹ̀, bó bá sì gbẹ, dókítà ò ní rí bó ṣe jìn tó, àwa la ó sì fi igbe ọmọ ṣí i kúrò.

Ewe_ati_Egbo:
Ẹ̀yin oníwèé, ẹ kàn ń bú ohun tí a bá nílé. Ìyá mi fi oyin wo egbò iná mi, ó jinná, àpá rẹ̀ ò hàn. Kí lẹ ní sọ sí ìyẹn?

Jagunlabi_Houston:
Ohun tí a ní sọ ni pé ẹ ò jìnnà sí òótọ́. Ìwádìí wà lórí oyin, pé ó ń jẹ́ kí iná tí ò jìn tètè jinná ju bí wọ́n bá fi àwọn ìbòjú egbò kan dì í lọ. Ṣùgbọ́n oyin tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ fún ilé ìwòsàn ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi omi tu egbò lára tí wọ́n sì ti fọ̀ ọ́. Oyin inú ìgò ọtí tí wọ́n ń tà létí títì, ṣúgà sísun ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kejì: iná tó lé ròrò, tí abẹ́ rẹ̀ tutù, tó pupa, tó sì ń dunni, fúnra rẹ̀ ló máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí kòkòrò ò bá wọ̀ ọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa á, omi ìgbín ni o, ọṣẹ ìfọyín ni o, òun ni yóò gba ìyìn. Èyí tó jìn, tó funfun tàbí tó gbẹ bí awọ bàtà, tí aláìsàn ní kò tilẹ̀ dun òun, ẹ da oyin lé e kẹ́ ẹ sì máa ka ọjọ́. Kò dùn ún torí iṣan tó ń gbé ìrora ti jó pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn, awọ mìíràn ni wọn yóò bù láti ibòmíràn lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ewe_ati_Egbo:
Mo gbọ́ ti ṣúgà sísun. Ti ìgbín, ẹ ò tíì dáhùn.

Jagunlabi_Houston:
Kí lẹ fi ń fọ ìgbín yẹn kí ẹ tó fọ́ ọ?

Adulawo_Leeds:
Mo ti dé. Ìkejì: ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìpele kìíní ni. Ìdí tí ẹ fi jiyàn ni pé ìwé tí gbogbo wa kà, awọ òyìnbó ni wọ́n yà sínú rẹ̀: "pupa tí kì í ṣí bí a bá tẹ̀ ẹ́." Lára màmá tó dúdú, ẹ lè má rí pupa kankan títí awọ yóò fi là. Ó lè dúdú sí i, ó lè pọ́n bí àlùkò, ó sì lè má yí àwọ̀ padà rárá. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ibẹ̀, kí ẹ kan ẹ̀gbẹ́ kejì: ṣé ó gbóná jù ú lọ, ṣé ó tutù jù ú lọ? Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: ṣé ó le ni àbí ó rọ̀ tẹ̀pẹ̀tẹ̀pẹ̀? Bí màmá bá lè sọ̀rọ̀, ẹ bi í bóyá ó ń dùn ún tàbí ó ń yún un. Ẹ ṣí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ dára ju gílóòbù lọ. Gbígbóná àti líle tí ìbéèrè fún yín, ìdáhùn ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́.

Níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń rí i tí wọ́n kọ "awọ dára" sínú fáìlì ìyá ará Nàìjíríà tàbí ará Jàmáíkà ní Mọ́ńdè, tí yóò fi di Tọ́sìdeè, ihò ti wà níbẹ̀. Inú máa ń bí mi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn wò ó ni.

Fún ìdánwò: Braden, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ẹni tí egbò ìdùbúlẹ̀ lè mú, ohun mẹ́fà ló ń wọ̀n, máàkì rẹ̀ láti 6 dé 23, 18 sísàlẹ̀ ni ewu. Bó ṣe ń kéré sí i ni ewu ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yí i po. Láti 2016 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ orúkọ egbò ìdùbúlẹ̀ di pressure injury dípò pressure ulcer, torí ìpele kìíní kò tíì ní egbò. Ẹ yí màmá padà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ìrọ̀rí ní ìwọ̀n dígírì 30, kì í ṣe kó dùbúlẹ̀ lórí egungun ìbàdí gan-an. Ẹ ti ìrọ̀rí bọ abẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ léfòó. Ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tó gbóná yẹn, ẹ má fi ìpara kankan fọwọ́ ra á, ohun tó ti fọ́ nísàlẹ̀ lẹ ó tún fọ́ sí i. Tìmùtìmù olóbìírípo tí àwọn ẹbí máa ń rà wá pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ rọra dá a padà fún wọn: ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ àyíká ibẹ̀ pa.

OmoNosi_Ibadan:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó ń yún un yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí. Ìkẹta ló kù o, ibẹ̀ ni ìjà wà.

Nosi_Egungun:
Ọsibítù egungun Igbóbì l'Ékòó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ egungun, ibi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, torí náà ẹ jẹ́ kí n gba èyí. Ẹ pe dókítà. Ẹ pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Compartment syndrome ni. Inú ojúgun pín sí yàrá-yàrá, awọ líle tí kì í fẹ̀ ló bo yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ń rọ́ sínú rẹ̀ láti ibi tó kán, kò ríbi gbà jáde, POP sì dè é mọ́lẹ̀ láti òde. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń bọ́ ẹran inú rẹ̀ á kọ́kọ́ pa dé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, èyí tí ẹ ń wá lẹ́yìn ẹsẹ̀, lè máa lù lọ ní tirẹ̀ nígbà tí ẹran ń kú. Torí náà, "ó ń lù" kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Ìlù tó bá dákẹ́, àmì ìkẹyìn ni. Àmì àkọ́kọ́ ni ìrora tó ju ìwọ̀n ohun tó ṣe é lọ, tí oògùn ò ràn. Ẹ di ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ẹ sì tún fà á sókè: bó bá fò sókè tó ń lọgun, ẹ ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní ó ń ṣe òun jìnnìjìnnì, tàbí ẹsẹ̀ ti kú tipiri, á sì wá ṣòro fún un láti mi ìka.

Ìrọ̀rí tí ẹ mú, mo mọ ibi tí ẹ ti rí i. POP tuntun, a máa ń gbé e ga ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì kó má baà wú, ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fura sí compartment, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìwọ̀n àyà. Bí ẹ bá tún gbé e ga, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń gòkè lọ bá a ni ẹ ń dá dúró. Kí wọ́n la POP náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òun àti òwú abẹ́ rẹ̀, títí dé awọ. Òwú tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí lára lè fún ẹsẹ̀ pa bíi POP fúnra rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ, tíátà lè pè é nígbàkigbà. Bíi wákàtí mẹ́fà ni ẹran lè fi fara dà á. Ẹ kọ aago tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sínú fáìlì, ẹ kọ aago tí ẹ pe dókítà, ẹ sì tún pè é bí kò bá wá.

OmoTeguntegun:
Mò ń kà á láti òkè wá. Bàbá mi jẹ́ teguntegun, bàbá wọn náà ṣe é. Mo ti rí i tí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, tí wọ́n ń tọ́jú òun àti aláìsàn pọ̀, ọjọ́ tí adìẹ bá rìn la ó tú ti ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ló wá láti ọsibítù yín tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n gé wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má kó gbogbo wa pọ̀ sọ sódò.

Nosi_Egungun:
N ò sọ ẹnikẹ́ni sódò. Àwọn ènìyàn ń lọ sọ́dọ̀ wọn torí ó súnmọ́ wọn, owó rẹ̀ ṣeé san díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn, èyí tí a kì í sábàá ṣe. Egungun tó kán láìyẹ̀, tí kò ya awọ, yóò so bó bá rí ohun tó dá a dúró. Ohun tó ń gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ọwọ́ dúdú ni ọparun àti okùn. Wọ́n dì í pinpin lọ́jọ́ kìíní. Ó wú lọ́jọ́ kejì, okùn ò sì fẹ̀. Ọmọ ń ké, wọ́n ní egungun ló ń so. Lọ́jọ́ kẹta ó dákẹ́, wọ́n ní ó ti ń san. Ó dákẹ́ torí ọwọ́ ti kú. Apá tó kán lásán ló di èyí tí a gé.

Bí bàbá bá máa gbà, ẹ sọ fún wọn: kí orí ìka máa wà níta nígbà gbogbo. Kí wọ́n tẹ èékánná, kí ẹ̀jẹ̀ padà sí i kí ènìyàn tó ka ení, èjì. Bí ọmọ bá ké pé ó ń ro òun, kí wọ́n tú u lóru ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n má dúró dilẹ̀ mọ́. Egungun tó bá yọ síta tàbí tí egbò wà lórí rẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá.

OmoTeguntegun:
Màá kà á fún wọn. Ti okùn yẹn, màámi náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Iya_Ibeji_Agege:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A ti dé láti ọsibítù. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n dì í. Wọ́n ní ká padà wá lọ́túnla. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyá ọkọ mi ní wọ́n ń fi gọ́ọ̀sì ṣòfò.

Fisio_Abeokuta:
Ẹ sọ fún màmá pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìka méjì tó bó, bí ẹ bá dì wọ́n pọ̀, wọn yóò jinná mọ́ra wọn, ọ̀bẹ ni yóò là wọ́n. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ náà ga bó bá ń sùn. Ẹ jẹ́ kó máa fi ọwọ́ náà ṣeré, kó máa ṣí i kó máa pa á dé, kódà bó bá sunkún díẹ̀. Ọmọ tí iná jó máa ń ká ọwọ́ jọ sáyà torí ibẹ̀ ló tù ú lára, bẹ́ẹ̀ ibi tó tù ú lára yẹn gan-an ni awọ yóò súnkì sí. Ti apá tó kan ìgbúnwọ́, ẹ jẹ́ kó nà. Ẹni tí iná jó lọ́rùn, a kì í fún un ní ìrọ̀rí rárá, kí àgbọ̀n má baà lẹ̀ mọ́ àyà.

Iya_Ibeji_Agege:
Ẹ ṣé, sà. Ṣé àpá rẹ̀ máa hàn? Obìnrin ni.

Fisio_Abeokuta:
Bó bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè má ju àwọ̀ tó yàtọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lọ. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó lè wú, awọ tiwa sì máa ń wú ju ti àwọn mìíràn lọ. Ìgbà tó bá ti jinná pátápátá, tí kò sí ojú egbò mọ́, ẹ máa fi òrí ra á lọ́wọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fi aṣọ alápá gígùn bò ó fún oòrùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kíríìmù ìbóra fún yín pé yóò mú àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í le tó ń ga, ẹ padà lọ kí wọ́n wọn aṣọ tó ń fún un mọ́ra fún un. Wákàtí 23 lójúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ìwẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bọ́ ọ fún. Lọ́túnla tí ẹ bá ń lọ, ẹ fún un ní oògùn ìrora tí wọ́n kọ fún yín ní bíi ààbọ̀ wákàtí kí wọ́n tó tú u.